Alùpùpù Ítálì Tí Ọ̀gá Mi Ní Kí N Má Jẹ́ Kó Dákẹ́

Ní oṣù tó kọjá, mo kọ́ páálí kan sára ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi àtijọ́ ní Sábó, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí mo kọ sí i kò ju ìlà kan lọ: Alùpùpù Ítálì, ó fúyẹ́, eré sísá ni wọ́n ṣe é fún, títà ni. Kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, àwọn ènìyàn ti ń dúró kà á. Ọlọ́kadà kan bi mí bóyá ó lè gbé èrò mẹ́ta pẹ̀lú àpò gàrí kan. Mo ní kò lè gbé e. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní, "Bàbá, a jẹ́ pé kì í ṣe alùpùpù nìyẹn. Ọ̀ṣọ́ ni."

Kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo fi tún alùpùpù ṣe, èyí pupa yìí ló sì sọ mí di mẹkáníìkì. Ọ̀gá mi ló fi í lé mi lọ́wọ́ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó papò dà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi tì í: "Tíṣà, má jẹ́ kó dákẹ́." Láti ọjọ́ náà, gbogbo òwúrọ̀ Sátidé ni mo máa ń tan ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ṣùgbọ́n kíkì ni a fi ń tan án, orúnkún mi ò sì gbà mọ́. Odidi Sátidé mẹ́ta ni mo ta á ní kíkì títí ara mi fi ń gbọ̀n, kò dáhùn. Ó wá yé mi pé bí n kò bá tètè wá ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ mi, èmi gan-an ni n ó sọ ọ́ di odi. Ìdí tí mo fi fẹ́ tà á nìyẹn. Bí mo sì ti ń dúró de oníbàárà, mo ní kí n jókòó kọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí, fún ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ro ohun tí ẹ ó fi ayé yín ṣe.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹni tí kò mọ̀wé ló ń kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Mo lọ sí yunifásítì, nígbà tí ọmọ yunifásítì ṣì jẹ́ ọmọ ọba. Adìẹ ni wọ́n fi ń bọ́ wa ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ń bá wa fọ aṣọ, wọ́n ń bá wa lọ̀ ọ́. Físíìsì ni mo kà. Títí dòní, bí mo bá ṣí ìwé àtijọ́, tí òórùn rẹ̀ kàn mí nímú, ọkàn mi a lọ sí láíbìrì yẹn, sí fèrèsé tí mo máa ń jókòó tì, sí àwọn ọ̀rẹ́ tí púpọ̀ nínú wọn ti sùn. Nígbà tí mo jáde, mo di olùkọ́ nílùú Ọ̀yọ́. Mo ra alùpùpù Japan kan, alùpùpù náà bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, mo sì tì í lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gá Lásísì ní Òwódé.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Ó fi ẹnu sìpánà gígùn kan kan ara ẹ́ńjìnì, ó fi ìdí rẹ̀ sínú etí, ó di ojú. Ó ní bíárìn kékeré kan ló ti jẹ, ó sì fi ìka han ibi tó wà láti ìta. Wọ́n tú u, ibẹ̀ náà ló wà. Mo dúró bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ọdún méjì ni mo ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ nípa ìró, n kò tíì gbọ́ ìró kan rí.

Kí táàmù náà tó parí, mo ti kọ̀wé fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀. Ìyá mi sunkún. Àbúrò bàbá mi ní ọwọ́ ayé ni, ó fẹ́ mú mi lọ gbàdúrà. Ti ìwé àdéhùn àti ohun tí mo san kò ṣe pàtàkì. A mu ẹlẹ́rìndòdò, wọ́n ṣàdúrà, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, mo wọ àkísà.

Ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Lásísì, ọjọ́ tí o wọlé ni ọjọ́ ìbí rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí, Kàmórù tó ṣáájú mi wọlé kò ju ogún lọ, ṣùgbọ́n Bọ̀ọ̀dá Kàmórù ni mo ń pè é. Inú rẹ̀ máa ń dùn láti pè mí níwájú oníbàárà: "Tíṣà, lọ fọ ṣéènì wá. Má gbàgbé láti máàkì rẹ̀." Gbogbo wọn a rẹ́rìn-ín. Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, n kò fọwọ́ kan sìpánà. Irin ni mo ń fi bẹntiróòlù fọ̀. Lẹ́yìn èyí, Ọ̀gá á da gbogbo nọ́ọ̀tì ẹ́ńjìnì kan sínú abọ́, á fi àkísà dì mí lójú, á ní kí n ṣà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ní ojú a máa purọ́, ọwọ́ kì í purọ́. Kì í na ènìyàn, kì í sì í bú ènìyàn. Bí o bá de nọ́ọ̀tì kan lódì, yóò tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀, títí dé èyí tí o dè dáadáa, yóò ní kí o tún bẹ̀rẹ̀. Ìbáà ṣe pé oníbàárà dúró tì ọ́ lórí. Mo ti rí ọkùnrin tó sunkún nítorí èyí, ọkùnrin náà sì ni mí.

Òfin rẹ̀ tó le jù lọ ni èyí: ẹni tó bá tún alùpùpù ṣe ni yóò kọ́kọ́ gùn ún, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni yóò sì jókòó sẹ́yìn. "Gbé mi" ni yóò sọ. Yóò gun ẹ̀yìn, yóò ká apá mọ́ àyà, kò ní di ohunkóhun mú. Mo bi í nígbà kan ìdí tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí mo bá mọ̀ pé ẹ̀mí òun wà lẹ́yìn mi, n kò ní gbàgbé nọ́ọ̀tì kan.

Ọdún kejì tí mo wà níbẹ̀ ni òyìnbó ará Ítálì kan, tó ń bá àwọn tó ń la ọ̀nà wọn ilẹ̀, ti alùpùpù pupa kan wá. Ó ń padà sílé, ó sì fẹ́ tà á. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó ti dé ni wọ́n ti fi ṣẹ̀fẹ̀. Tánkì rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọrùn ẹṣin, taya rẹ̀ tín-ín-rín, ibi ìdímú rẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń gùn ún gbọ́dọ̀ tẹríba bí ẹni tó ń kí ọba. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ ti há. Ọ̀gá fi ọwọ́ kan gbé ìdí rẹ̀ kúrò nílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó rà á. Kàmórù sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí mi létí pé Ọ̀gá ra eegun, wọ́n ní ẹran ni.

Oṣù méje ni a fi bá a jà. Kò sí ohun èlò rẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kò sí n'Íbàdàn. Òrùka ẹ́ńjìnì ẹ̀rọ tó ń fa omi ni a fi fáìlì rẹ́ títí tó fi wọ̀ ọ́. Ìwé kékeré kan bá a wá, èdè Ítálì ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo ti kọ́ èdè Látìn ní ilé ìwé girama, àwọn èdè méjèèjì sì jọ ara wọn bí ìyá àti ọmọ, nítorí náà èmi ni mo ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ìwé náà sọ ohun kan tó ya gbogbo wa lẹ́nu: ẹsẹ̀ ọ̀tún ni jíà rẹ̀ wà, ẹsẹ̀ òsì ni bíréèkì ẹ̀yìn wà, òdìkejì gbogbo alùpùpù Japan tí a mọ̀. Mo fi ṣọ́ọ̀kì yà á sára ògiri. Mo ṣàlàyé rẹ̀ fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù bí ẹni tó wà ní kíláàsì. Ọjọ́ náà ni Kàmórù kọ́kọ́ pè mí ní Tíṣà láìfi mí ṣẹ̀sín.

Ọjọ́ tó fọhùn, gbogbo Òwódé ló yà wò ó. Ìró rẹ̀ kì í ṣe ti àwọn yòókù. Ó mú, bí ìgbà tí wọ́n bá ń fa aṣọ tuntun ya. Ọ̀gá bi wá pé ta ló ka ìwé rẹ̀. Mo ní èmi ni, sà. Ó gun ẹ̀yìn, ó ká apá.

"Tíṣà, gbé mi."

Mo gbé e. Ìsọ̀kalẹ̀ kan wà lójú ọ̀nà náà. A ń sáré, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, inú mi dùn ju ọjọ́ tí mo gba dìgírì lọ. Ewúrẹ́ kan pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì bọ́ sójú ọ̀nà. Mo fi gbogbo agbára tẹ ẹsẹ̀ ọ̀tún.

Jíà ni mo tẹ̀. Alùpùpù náà fò sọ́tùn-ún, ìdí rẹ̀ yọ̀. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ni. Kí n tó rántí pé mo ní ẹsẹ̀ òsì, a ti wọ gọ́tà. Èmi fò kọjá, mo bọ́ sórí ebè. Ọ̀gá wà lábẹ́ irin. Orúnkún rẹ̀ ti fọ́, ọrùn fírémù alùpùpù náà sì ti sán.

Ilé atóeegun kan ni wọ́n gbé e lọ. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbé oúnjẹ lọ. Ọjọ́ kìíní, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì, bákan náà. Ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ti pín iṣẹ́ mi láàrin ara wọn, nítorí gbogbo wọn gbà pé yóò lé mi. Mo ti di ẹrù mi, mo sì ti bá ọ̀gá ilé ìwé mi àtijọ́ sọ̀rọ̀. Ọjọ́ kẹta, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ẹní rẹ̀, mo ní kí ó jọ̀ọ́ kí ó yọ̀ǹda mi.

Ó ní, "Ẹsẹ̀ wo lo fi tẹ̀ ẹ́?"

"Ọ̀tún ni, sà."

"Ta ló kàwé fún wa pé òsì ni?"

"Èmi ni, sà."

"Ṣé o rí i? Orí rẹ ti gbọ́, ẹsẹ̀ rẹ ò tíì gbọ́." Ó yí ojú sí ògiri. "Ẹ̀kọ́ tó ná mi ní orúnkún lo fẹ́ gbé lọ sílé ìwé fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́? Padà sí ṣọ́ọ̀bù."

Mo padà. Ó ránṣẹ́ sí Kàmórù pé ní gbogbo òwúrọ̀ kí ó gbé mi jókòó sórí alùpùpù tó fọ́ náà, kí n di ojú, kí ó máa pariwo "Ewúrẹ́" nígbà tó bá wù ú, kí n sì máa fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì. Kàmórù ò fi mọ ní òwúrọ̀. Bí mo bá ń jẹun, "Ewúrẹ́." Bí mo bá ń wẹ̀, "Ewúrẹ́." Ó dé ibi pé mo wà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ kan tí oníwàásù mẹ́nu kan ewúrẹ́ àti àgùntàn, ẹsẹ̀ òsì mi sì ta ìdí àga tó wà níwájú mi. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ibi tí ìmọ̀ ti ń kúrò nínú ìwé bọ́ sínú ara nìyẹn, kò sì sí ọ̀nà àbùjá níbẹ̀.

Nígbà tí Ọ̀gá padà dé pẹ̀lú ọ̀pá, kò jẹ́ kí wẹ́lídà fọwọ́ kan fírémù náà. Ó ní èmi tí mo ṣẹ́ ẹ ni n ó jó o. Àwókù páìpù ni mo fi kọ́ ọ. N ó jó o, yóò fi òòlù gbá a, yóò já, n ó tún jó òmíràn. Ọjọ́ tí òòlù kọ́kọ́ ta padà lọ́wọ́ rẹ̀ tí páìpù ò já, ó ní kí n wá jó fírémù.

Lọ́jọ́ kan, ó di ọ̀pá rẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ alùpùpù náà, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti gan gun ẹ̀yìn. Mo ní, Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Kàmórù gbé yín.

"Kàmórù kọ́ ló ṣẹ́ mi lẹ́sẹ̀. Gbé mi."

Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo gbé e. Ó ká apá ní gbogbo ọ̀nà. Nígbà tí a dé Takie ní àárín ìlú, ó ní kí n dúró, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá tọ́ka sí ilẹ̀. Ó ní, "Ibí ni wàá ti ṣiṣẹ́. Mo ti tú ọ sílẹ̀." Bí mo ṣe gba òmìnira nìyẹn. Àsè tí a ṣe lẹ́yìn rẹ̀ kàn jẹ́ oúnjẹ ni.

Ní Takie ni mo ti bẹ̀rẹ̀, kí n tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Sábó, níbi tí àwọn oníṣòwò Hausa ti sọ mí di ẹni tí wọ́n ń júwe fún ara wọn. Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, bébà inú páálí sìgá ni a fi ń wọn àlàfo ibi tí iná ti ń ṣẹ́ yọ. Lẹ́yìn náà ni àpótí kékeré aláìṣeé-tú dé, tó jẹ́ pé bó bá bàjẹ́, jíjù ni. Ti Japan lọ, ti Íńdíà dé, ti Ṣáínà tẹ̀lé e, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà kún ìgboro. Nísinsìnyí, àwọn mẹkáníìkì ń wo fóònù kí wọ́n tó tú nọ́ọ̀tì. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí èyí. Èmi náà ra mítà tó ń wọn iná, mo sì kọ́ bí a ṣe ń lò ó nígbà tí irun mi ti funfun. Ṣùgbọ́n mo ṣì ń fi sìpánà sétí kí n tó gbé mítà, mo sì ń sọ fún àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo wọn pátá ni wọ́n gbé mi lórí àwọn alùpùpù mìíràn kí n tó tú wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n mo máa ń di àga mú.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí páálí tí mo kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó kọ́kọ́ dé pẹ̀lú owó ni ọkùnrin kan láti Èkó, ọlọ́kọ̀ ńlá, oníwà pẹ̀lẹ́. Kò nájà. Ó ní òun yóò fa gbogbo epo inú rẹ̀ dànù, òun yóò nù ún, òun yóò gbé e sínú gíláàsì ní pálọ̀ òun. Mo ní kí ó gbé mi ná. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò lè gun alùpùpù. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó dúró di Sátidé.

Ìyàwó mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Bùnmi, irin ni. Ẹni tó fẹ́ fi gíláàsì bò ó, ṣé ọ̀tá rẹ̀ ni?"

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n yóò dákẹ́.

"Ẹ̀yin náà ti ń sọ ọ́ di odi láti Sátidé mẹ́ta. Ẹ gba owó ọkùnrin náà jàre."

Òótọ́ ló sọ. Ọlọ́kadà kan tó mọ eré sá tún wá ní ọjọ́ kejì. Ó gun ún yí àgbàlá ká dáadáa, mo pariwo "Ewúrẹ́" lójijì, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ jíà. Mo gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ku ọjọ́ kan kí ọkùnrin Èkó padà wá.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ ni obìnrin kan dé. Mọrẹ́nikẹ́ ni orúkọ rẹ̀, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì tó wà nílùú wa. Bàbá rẹ̀ ṣe ọ̀kadà ní Takie, mo ti tún alùpùpù rẹ̀ ṣe láìmọye ìgbà, ẹ̀yìn alùpùpù yẹn náà ni ọmọ yìí ti kọ́ gígùn. Ó kúnlẹ̀ kí mi, kò sì dìde. Láti orí ìkúnlẹ̀ náà, ó ti ìka bọ abẹ́ tánkì.

"Bàbá, wọ́n ti jó o níbí rí. Ẹ̀yin ni?"

Ọkùnrin Èkó ò béèrè, èmi náà ò sì sọ fún un. Ìtìjú mú mi. Mo jókòó, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí ewúrẹ́ dé orí orúnkún Ọ̀gá. Ó gbọ́ ọ tán, kò sọ pé òun ò rà mọ́. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó lé e láìtan iná."

Ó gun ún, ó di ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ òsì tẹ bíréèkì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀ ẹ́. N kò sọ fún un pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀, mo ti fo apá ti Kàmórù nínú ìtàn tí mo sọ. Mo gbé àga jáde, mo sì ń wò ó bí oòrùn ti ń yí. Ìyàwó mi gbé omi wá fún un, òun náà dúró, kò wọlé mọ́.

Nígbà tí ó la ojú, mo dìde. Mo ní, "Ọmọ mi, gbé mi."

"Bàbá Bùnmi," ni ìyàwó mi wí, "ẹsẹ̀ yín o."

Ó ta á ní kíkì lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fọhùn bí aṣọ tuntun tó ń ya. Mo gun ẹ̀yìn. Láti ọjọ́ tí a ti rà á, n kò jókòó sẹ́yìn rẹ̀ rí, iwájú ni mo máa ń wà. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí Ọ̀gá fi lélẹ̀ fún mi ní gbogbo ìgbà tó bá ká apá. Mo tú ọwọ́ mi kúrò lára àga, mo ká apá.

A kúrò ní Sábó, a kọjú sí Takie. Kò sáré àsájù, kò sì fà sẹ́yìn. Bí a ti ń wọ Takie, kẹ̀kẹ́ kan ṣàdédé yà sí iwájú wa láti gbé èrò. Alùpùpù náà tẹríba díẹ̀, ó dúró jẹ́ẹ́, kò yọ̀, kò fò. Ọlọ́kẹ̀kẹ́ náà na ọwọ́ tọrọ gáfárà, ó lọ.

Mo bi í láti ẹ̀yìn, "Ẹsẹ̀ wo lo fi tẹ̀ ẹ́?"

"Òsì, Bàbá."

Mo sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Ohun tó ní lọ́wọ́ ni mo gbà, mo sì tẹ ọkùnrin Èkó láago pé kí ó má ṣe ìyọnu mọ́. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn padà sí Sábó, ó pẹ́ kí n tó délé, orúnkún dùn mí, inú mi sì dùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, tó jẹ́ Sátidé, mo jí ní àkókò tí mo máa ń jí, kò sì sí ohun tí n ó tan. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Ìyàwó mi ń gbálẹ̀. Ó dá ọwọ́ ìgbálẹ̀ dúró, ó yí etí sí ọ̀nà yunifásítì, kí èmi tó gbọ́ ọ pàápàá. Ìró náà wá láti ọ̀nà jíjìn, ó mú, ó gùn, bí ìgbà tí ẹnìkan ń fa aṣọ tuntun ya láti ìpẹ̀kun kan ìlú dé èkejì.

Ọ̀gá, kò dákẹ́.